Bí ẹ ṣe lè sọ kábíńẹ́ẹ̀tì onírin àtijọ́ di tuntun láìná owó rẹpẹtẹ

Bí ẹ bá ra ilé àtijọ́ ní Amẹ́ríkà, pàápàá àwọn tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí 1945 sí 1960 ní Ohio, Illinois, Michigan tàbí Maryland, ó ṣeé ṣe kí ẹ bá kábíńẹ́ẹ̀tì onírin nínú ilé ìdáná. Irin gidi ni, ó sì le ju ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà lóde òní lọ. Àwọ̀ rẹ̀ ló kàn ti ṣá. Kí ni ọ̀pọ̀ wa ń ṣe? A ó ra ọ̀dà lọ́jọ́ Sátidé, a ó kùn ún lọ́jọ́ Àìkú, á máa dán, a ó ya fọ́tò ránṣẹ́ sílé. Kí ọdún tó yípo, ọ̀dà ti ń ṣí lẹ́bàá ọwọ́ ilẹ̀kùn, àwọn ọmọ ti ń fi èékánná hó o. A ó ní ayédèrú ọ̀dà ni wọ́n tà fún wa.

Ọ̀dà kọ́. Epo ni. Ilé ìdáná tí wọ́n ti ń yọ́ epo pupa, tí wọ́n ti ń dín àkàrà, dòdò àti ẹja, èéfín òróró ti lẹ̀ mọ́ gbogbo irin inú rẹ̀, bí ojú ò tilẹ̀ rí i. Ọ̀dà tí ẹ bá kùn lé epo, orí epo ló jókòó sí, kò dé ara irin rárá. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ fífọ̀, yíyùn àti sùúrù fi máa pọ̀ ju ọ̀rọ̀ kíkùn lọ nínú ohun tí ẹ fẹ́ kà yìí.

Ẹni tó bá yá ilé gbé, kó kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda onílé, kó sì gbà á ní kíkọ sílẹ̀.

ṢÉ Ó YẸ NÍ TÍTÚN ṢE?

Ẹ mú òòfà ara fíríìjì, ẹ gbé e kan ilẹ̀kùn àti ẹ̀gbẹ́ kábíńẹ́ẹ̀tì. Bó bá lẹ̀ mọ́ ọn ṣinṣin, irin ni. Ẹ wá kúnlẹ̀ níwájú kábíńẹ́ẹ̀tì abẹ́ síǹkì, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ẹ fi ẹnu síkúrùdíráfà tẹ ilẹ̀ inú rẹ̀ káàkiri. Ibẹ̀ ni omi ti máa ń jò fún ọdún gbọọrọ láìsí ẹni tó mọ̀. Bí ẹnu irin yẹn bá wọlé gbuu, irin ibẹ̀ ti jẹrà nìyẹn. Bí ilẹ̀ nìkan ló jẹrà, kò burú, ẹ lè gé páànù tàbí pákó pẹlẹbẹ tẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ àti igun rẹ̀ bá ti jẹrà, ẹ wá òmíràn rọ́pò ẹyọ yẹn. Àwọn ṣọ́ọ̀bù ReStore ti Habitat for Humanity máa ń ní kábíńẹ́ẹ̀tì àlòkù, bẹ́ẹ̀ náà ni Facebook Marketplace.

OHUN TÍ Ẹ NÍLÒ

- Ọṣẹ ìfọbọ́, omi gbígbóná, kànìnkànìn tí kò le, àti àkísà púpọ̀
- Oògùn tó ń já epo, bíi Krud Kutter tàbí TSP
- Sáńpépà nọ́ńbà 80, 120 àti 220, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì onírin
- Oògùn tó ń pa ìpáàrà
- Pọ́tì tí àwọn tó ń tún ara mọ́tò ṣe ń lò, irú Bondo, bí ibi tó tẹ̀ bá wà
- Práímà onírin (ọ̀dà ìpìlẹ̀ tí wọ́n ń kọ́kọ́ fi pa irin), èyí tí wọ́n kọ sára rẹ̀ pé ó ń dènà ìpáàrà
- Ọ̀dà tó máa le bó bá gbẹ (ẹ ó rí àlàyé rẹ̀ ní ìpele keje)
- Rólà fóòmù kékeré tó fẹ̀ ní íńṣì 4, àti búrọ́ọ̀ṣì kan tó dáa fún kọ̀rọ̀
- Téèpù bébà, láílọ́ọ̀nù fífẹ̀, ìbọ̀wọ́, gíláàsì ìdáàbòbò ojú, àti ìbòmú tó lè dá eruku òjé (lead) dúró, èyí tí wọ́n kọ P100 sí

Fún ilé ìdáná tó ní ilẹ̀kùn bíi 15 sí 20, èyí kì í sábà kọjá 150 sí 300 dọ́là, láìka ọwọ́ ilẹ̀kùn tuntun mọ́ ọn. Kábíńẹ́ẹ̀tì tuntun, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni. Bí ẹ bá fẹ́ dín owó kù, ẹ ra rólà àti téèpù tó pọ́ọ́kú, ṣùgbọ́n ẹ má rẹ owó práímà sílẹ̀.

ÌPELE KÌÍNÍ: Ẹ WÒ Ó BÓYÁ ÒJÉ WÀ NÍNÚ Ọ̀DÀ ÀTIJỌ́

Ẹ má fo ibí yìí o. Ọdún 1978 ni ìjọba Amẹ́ríkà fòfin de ọ̀dà olójé nínú ilé gbígbé. Ilé tí wọ́n kọ́ ṣáájú ìgbà yẹn, ẹ gbà pé òjé wà níbẹ̀ títí àyẹ̀wò yóò fi sọ pé kò sí. Eruku òjé máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, ó sì léwu fún aláboyún àti oyún inú rẹ̀.

Ohun èlò àyẹ̀wò tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù wà, ẹ ó fi pa ibi tí ẹ ti họ díẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ á yí padà bí òjé bá wà. Èyí tó dájú jù ni kí ẹ họ ọ̀dà díẹ̀ sínú láílọ́ọ̀nù, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò tó níwèé àṣẹ. Ẹ rí i pé ẹ họ ọ́ dé ara irin, nítorí ó lè jẹ́ ọ̀dà ìsàlẹ̀ ni òjé wà.

Bí òjé bá wà, kò ní kí ẹ má ṣe iṣẹ́ náà, àmọ́ ìlànà rẹ̀ yí padà. Ẹ kò gbọdọ̀ yùn ún ní gbígbẹ. Ẹ fi omi rin sáńpépà àti ibi tí ẹ ń yùn. Ẹ kò gbọdọ̀ fi ẹ̀rọ tàbí iná hó o. Kí ọmọdé àti aláboyún kúrò nílé títí ẹ ó fi nu gbogbo ibẹ̀ tán. Ẹ tẹ́ láílọ́ọ̀nù sílẹ̀, ẹ dí ẹnu ọ̀nà, ẹ wọ ìbòmú P100, ẹ sì fọ aṣọ tí ẹ fi ṣiṣẹ́ lọ́tọ̀. Ẹ̀rọ ìfagbálẹ̀ tó ní asẹ́ HEPA, èyí tó ń dá eruku kíkúnná dúró, nìkan ni kí ẹ lò, torí ti lásán yóò tú eruku náà padà sínú afẹ́fẹ́ ni. Bí ọ̀dà náà bá ti ń ṣí káàkiri, ẹ jẹ́ kí ẹni tó níwèé àṣẹ iṣẹ́ òjé bá yín yanjú rẹ̀.

ÌPELE KEJÌ: Ẹ TÚ ILẸ̀KÙN ÀTI DÚRÓÀ

Kò sí ẹni tó lè kun ilẹ̀kùn dáadáa lórí ìdúró. Ẹ tú gbogbo rẹ̀. Kí ẹ tó tú u, ẹ ya àwòrán ilé ìdáná sórí bébà, ẹ fún ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, ẹ kọ nọ́ńbà náà sára téèpù, ẹ sì lẹ̀ ẹ́ sábẹ́ híńjì níbi tí ọ̀dà kò ní dé. Síkúrù àti híńjì ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, inú àpò láílọ́ọ̀nù tirẹ̀ ni kí ẹ kó o sí, pẹ̀lú nọ́ńbà kan náà. Ilẹ̀kùn àtijọ́ ti mọ àyè ara rẹ̀. Bí ẹ bá gbé ti apá ọ̀tún sí òsì, kò ní í pa dé mọ́.

Síkúrù tí wọ́n ti kùn mọ́lẹ̀ kì í fẹ́ yí. Ẹ fi ṣóńṣó ọ̀bẹ gé ọ̀dà inú ojú rẹ̀ kúrò, ẹ fi síkúrùdíráfà tó bá a mu, ẹ fi òòlù kan ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ tó yí i. Bó bá kọ̀, ẹ fún WD-40 díẹ̀ sí i. Díẹ̀ ni mo wí. WD-40 tó bá ṣẹ́ kù lára irin á jẹ́ kí ọ̀dà máa sá sẹ́yìn, kó ṣe ojú róbótó-róbótó. Ẹ nù ún dáadáa.

Dúróà ọ̀pọ̀ irú wọn kò ní síkúrù rárá: ẹ fà á jáde títí yóò fi dúró, ẹ gbé iwájú rẹ̀ sókè, yóò tú sílẹ̀.

ÌPELE KẸTA: Ẹ FỌ EPO KÚRÒ, KÓ TÁN PÁTÁPÁTÁ

Iṣẹ́ ti dé. Ẹ gun àga wo orí kábíńẹ́ẹ̀tì tó wà lápá sítóòfù. Eruku ibẹ̀ ti pò pọ̀ mọ́ òróró, ó ti di nǹkan pupa rúsúrúsú tó ń lẹ̀ mọ́ọwọ́. Ẹ má kọ́kọ́ da omi sí i. Ẹ fi káàdì báǹkì tó ti kú fá a sórí bébà, ẹ sọ ọ́ nù, kí ẹ tó mú kànìnkànìn.

Ẹ fi ọṣẹ ìfọbọ́ àti omi gbígbóná fọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wá lo oògùn tó ń já epo, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára rẹ̀, kí ẹ sì wọ ìbọ̀wọ́. Níbo ni epo ti máa ń fara pamọ́? Etí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn tí ìka máa ń dì mú láti ṣí i, yíká ọwọ́ ilẹ̀kùn, abẹ́ kábíńẹ́ẹ̀tì òkè tó kọjú sí ìkòkò, àti inú kọ̀rọ̀ híńjì. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ ló máa dé ibẹ̀. Ẹ fi omi lásán ṣan án lẹ́ẹ̀mejì, torí ọṣẹ tó ṣẹ́ kù náà kì í jẹ́ kí ọ̀dà mú.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe: wọ́n á gbé ilẹ̀kùn jù sínú bááfù. Ẹ má dán an wò. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn yìí jẹ́ irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì tí wọ́n pa pọ̀, tí wọ́n fi páálí tàbí nǹkan tó jọ ọ́ sáàárín kó má baà máa dún. Omi tó bá wọ ibẹ̀ kò rọ́nà jáde, láti inú ni yóò ti máa dógùn-ún. Àkísà tó rin ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kí ẹ sì gbé e dúró kí omi lè ro.

Àyẹ̀wò: ẹ wọ́n omi sí ojú irin tó ti gbẹ. Bí omi náà bá tẹ́ pẹrẹsẹ, epo ti tán. Bó bá ṣù jọ tó ń yí kiri bí omi orí ewé kókò, epo ṣì wà níbẹ̀. Ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́. Bí ìgbà àkọ́kọ́ bá kùnà, kò yẹ kó yà yín lẹ́nu.

ÌPELE KẸRIN: ÌPÁÀRÀ ÀTI IBI TÓ TẸ̀

Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin àti sáńpépà 80 ha ìpáàrà títí irin dídán yóò fi jáde (bí òjé bá wà, ẹ rántí omi). Èyí tó ti wọnú kòtò tí sáńpépà kò dé, ẹ fi oògùn ìpáàrà pa á. Ọ̀pọ̀ nínú oògùn yìí máa ń sọ ìpáàrà di dúdú. Ẹ fún un ní wákàtí tí wọ́n kọ sára agolo, kí ẹ má wulẹ̀ fojú díwọ̀n rẹ̀.

Ibi tó tẹ̀ wọnú, ẹ yùn ún dé ara irin kí ẹ tó fi pọ́tì sí i, nítorí pọ́tì kì í di ọ̀dà dídán mú. Ẹ po ìwọ̀nba tí ẹ lè lò ní ìṣẹ́jú mélòó kan, torí ó máa ń yára le. Ẹ má jẹ́ kó nípọn ju mílímítà 6 lọ lẹ́ẹ̀kan. Bó bá le, ẹ fi 80 yùn ún, lẹ́yìn náà 120, lẹ́yìn náà 220. Pọ́tì máa ń mu omi, nítorí náà ẹ fi práímà bò ó lọ́jọ́ náà gan-an.

Àyẹ̀wò: ẹ di ojú, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ lásán ra ibẹ̀ kọjá, láti ara ọ̀dà àtijọ́ bọ́ sórí pọ́tì. Bí ọwọ́ bá mọ ibi tí pọ́tì ti bẹ̀rẹ̀, ojú náà máa mọ̀ ọ́n bí ọ̀dà bá dé orí rẹ̀.

ÌPELE KARÙN-ÚN: Ẹ PA DÍDÁN RẸ̀

Ìmọ̀ràn kan rèé tó máa dín owó àti wàhálà kù: ẹ má ṣe hó gbogbo ọ̀dà àtijọ́ dànù. Inú ààrò ni wọ́n ti yan ọ̀dà yẹn mọ́ irin nílé iṣẹ́, ó sì le ju èyíkéyìí tí èmi àti ẹ̀yin lè fọwọ́ kùn lọ. Níbi tí kò bá ti ṣí, ìpìlẹ̀ tó dára ni. Ẹ kàn fi sáńpépà 220 yùn ún fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, kó má dán mọ́. Ẹ nu eruku rẹ̀ pẹ̀lú àkísà tó rin, ẹ jẹ́ kó gbẹ.

Àyẹ̀wò: ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́. Ibi tó bá ṣì ń kọ mànà, sáńpépà kò tíì débẹ̀. Láti ìgbà yìí lọ, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ lásán kàn án, kí ẹ má sì dín nǹkankan nínú ilé ìdáná yẹn títí iṣẹ́ yóò fi parí. Ẹ gbé sítóòfù oníná mànàmáná kékeré lọ sí yàrá mìíràn, tàbí kí ẹ máa jẹ ẹ̀kọ tútù.

ÌPELE KẸFÀ: PRÁÍMÀ

Wẹ́dà tó mọṣẹ́ rẹ̀ nílé kì í jẹ́ kí géètì kúrò ní ṣọ́ọ̀bù láì tíì fi red oxide pa á lára. Ohun kan náà là ń ṣe níbí. Ibi tí irin ti hàn síta, práímà onírin olóròóró (oil-based) ni kí ẹ fi bò ó. Bí ẹ bá fi ọ̀dà olómi lásán kan irin tó wà níhòòhò, ìpáàrà lè yọ kó tó gbẹ pàápàá. Orí ọ̀dà àtijọ́ tí ẹ ti yùn, práímà tí wọ́n ṣe fún ojú dídán ló dára jù. Àwọn kan wà tó ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì, ẹ ka ara agolo.

Kí ẹ tó ṣí práímà olóròóró, ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ sì pa iná kékeré tó máa ń jó títí nínú sítóòfù gáàsì àtijọ́. Òórùn ọ̀dà yẹn lè gbiná. Àkísà tí ẹ fi nu ọ̀dà olóròóró, ẹ má ká a jọ sínú garawa ìdọ̀tí, ó lè fúnra rẹ̀ gbiná. Ẹ tẹ́ ẹ sóde lọ́kọ̀ọ̀kan kó gbẹ gan-gan.

Àyẹ̀wò: lẹ́yìn tó bá ti gbẹ fún ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ wá ibi tó pamọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹ fi abẹ gé àgbélébùú kékeré sí i, ẹ tẹ téèpù tó lẹ̀ dáadáa mọ́ ọn, ẹ já a lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí práímà bá bá téèpù wá, epo tàbí dídán ló kù lábẹ́ rẹ̀. Ó dùn ún gbọ́ létí? Kò dùn, ṣùgbọ́n ó sàn kí ẹ mọ̀ ọ́n nísinsìnyí tí ẹ kò tíì ná owó ọ̀dà.

ÌPELE KEJE: KÍKÙN

Ọ̀dà ògiri lásán kò lè fara da ilé ìdáná wa. Èyí tí mo fọwọ́ sí ni ọ̀dà tí wọ́n fi omi pò àmọ́ tó ń le bí olóròóró, irú Advance ti Benjamin Moore tàbí Emerald Urethane ti Sherwin-Williams. Olóròóró gidi le dáadáa, ó sì pọ́ọ́kú, ṣùgbọ́n funfun rẹ̀ máa ń pọ́n bó bá pẹ́, pàápàá nínú kábíńẹ́ẹ̀tì tí ìmọ́lẹ̀ kì í dé. Ẹni tó bá fẹ́ funfun, kó yà fún un.

Ẹ gbé ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbalaja. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kun kọ̀rọ̀ àti etí rẹ̀ ná, kí ẹ sì fi rólà kun ojú rẹ̀ kí etí náà tó gbẹ. Ẹ kùn ún fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ bá fẹ́ kó bo gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, yóò ṣàn. Ẹ má padà fi rólà kan ibi tó ti ń gbẹ, ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ ti máa ń bàjẹ́. Ní ti Advance, wákàtí 16 ni kí ẹ dúró kí ẹ tó kun èkejì. Ti àwọn yòókù wà lára agolo wọn.

Ọ̀dà fínfín inú agolo ńkọ́? Ó máa ń jọ ti ilé iṣẹ́ bí ọwọ́ bá mọ̀ ọ́n, àmọ́ ìta gbangba ni kí ẹ ti lò ó, kì í ṣe nínú ilé ìdáná. Ẹ jìnnà sí i ní íńṣì 10 sí 12, kí ọwọ́ yín máa rìn. Ọ̀pọ̀ agolo yìí máa ń sọ pé kí ẹ kun èkejì láàárín wákàtí kan, tàbí kí ẹ dúró di ẹ̀yìn wákàtí 24 tàbí 48. Ẹni tó bá kùn ún sáàárín méjèèjì, ọ̀dà rẹ̀ á hunjọ. Ẹ tún wo ojú ọjọ́: gáréèjì Chicago ní oṣù Jánúárì kì í ṣe ibi tí ọ̀dà ti ń gbẹ. Ó yẹ kí ibẹ̀ móoru tó ìwọ̀n 50 ti Fahrenheit, ó kéré tán.

Àwọn kan yóò ní kí ẹ kó o lọ fún àwọn tó ń fi ọ̀dà ẹlẹ́búlúbú yan irin nínú ààrò. Iṣẹ́ wọn dára, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ ó tú gbogbo kábíńẹ́ẹ̀tì kúrò lára ògiri, pọ́tì lásán àti páálí inú ilẹ̀kùn kò lè fara da iná ààrò yẹn, owó rẹ̀ kò sì bá àkọlé tí ẹ ń kà yìí lọ.

ÌPELE KẸJỌ: Ẹ DÚRÓ

Ọ̀dà tó gbẹ kò tíì le. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ kan sí oṣù kan kó tó le tán. Bí ẹ bá yára gbé ilẹ̀kùn padà tí ẹ sì tì í, yóò lẹ̀ mọ́ férémù, ọjọ́ tí ẹ bá sì fà á ni ọ̀dà yóò ya. Ẹ fi sílẹ̀ ní títú fún ọ̀sẹ̀ kan, ó kéré tán.

Àyẹ̀wò: ẹ fi èékánná tẹ ibi tó pamọ́. Bí ojú èékánná bá hàn níbẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ sí i.

ÌPELE KẸSÀN-ÁN: ỌWỌ́ ILẸ̀KÙN, HÍŃJÌ ÀTI ARIWO

Kí ẹ tó ra ọwọ́ ilẹ̀kùn tuntun, ẹ wọn ihò síkúrù méjèèjì láti àárín èkíní dé àárín èkejì. Bí tuntun kò bá ṣe déédéé pẹ̀lú rẹ̀, ẹ ó ní láti dí ihò àtijọ́, kí ẹ tún lu tuntun, kí ẹ tún kùn. Ohun tí mo máa ń sọ ni pé kí ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú ti àtijọ́. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná àti ọṣẹ, kí ẹ wá fi bébà fóìlì tí ẹ ti rì bọ inú fínígà nu ibi tó dógùn-ún. Ìpáàrà á kúrò, kírómù rẹ̀ á sì tàn padà.

Irin á máa dún, òótọ́ ni. Ẹ lẹ rọ́bà kékeré aláràn-án mọ́ igun méjèèjì tí ilẹ̀kùn ti ń kan férémù, ariwo gbàmù náà á dópin. Ó tún ń jẹ́ kí ọ̀dà tuntun má fi ara ha ọ̀dà tuntun.

Kí ẹ tó pa agolo ọ̀dà dé, ẹ bu díẹ̀ sínú ìgò kékeré, ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà àwọ̀ rẹ̀ sára rẹ̀, ẹ fi sínú dúróà. Bí ìkòkò bá ha kábíńẹ́ẹ̀tì kan tí irin sì hàn, ẹ yùn ún, ẹ fi práímà kàn án, ẹ sì fi ọ̀dà inú ìgò yẹn bò ó kó tó di pé omi débẹ̀.